Abẹ́rẹ́ Oorun Tí Mo Sẹ́

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín ní ọsibítù pé wọ́n fẹ́ ti ọ̀fun yín ki okùn tó ní iná lórí bọ inú ikùn yín, kí wọ́n lè rí ohun tó ń jẹ yín níbẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò bá àwọn ọ̀mọ̀ràn orí àga sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn ti mọ gbogbo nǹkan tán. Wọn ò fojú rí okùn náà rí, ṣùgbọ́n wọ́n á júwe gígùn rẹ̀ fún yín, wọ́n á ka iye èèyàn tó ti pa, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ máa mu omi ewé. Èmi ti gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ki okùn náà bọ̀ mí lọ́fun, mo sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú èèyàn sùn kí wọ́n tó ki okùn ọ̀hún.

Ìyá Kúdí ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Enugu ni mo ti ń ta ike láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ: abọ́, bùtà, kẹ́ẹ̀gì, báàfù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ogbete, ilé wa wà ní Idaw River. Ọmọ ìlú wa kan, Ìyá Sùkúrà, ń ta ìborùn àti hìjáàbù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi. Mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. A jọ ń jẹun ọ̀sán, a jọ ń kírun, nígbà tó sì yá, a jọ ń ṣàìsàn.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ bí ebi. Bí mo bá jẹun, á rọlẹ̀ díẹ̀, kó tó tún dé, á máa jó mi lábẹ́ àyà bíi pé mo gbé ata rodo mì lódindi. Ti Ìyá Sùkúrà kì í jó o, ó ní ṣe ló ń wúwo, oúnjẹ kékeré ló ń yó o. A ra oògùn funfun kan tó nípọn bí ògì, a ń mu ún láti inú ìgò kan náà, ìdérí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ. A sọ ọ́ di eré. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti di ikùn mú, èkejì á ní, "Ó ti tó àkókò ọtí wa."

Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ọkùnrin yẹn kò bi mí ju ìbéèrè méjì lọ. Ó da oògùn oríṣi mẹ́rin mọ́ra sínú ọ̀rá kékeré, pupa, funfun, aláwọ̀ méjì, ó ní kí n máa lò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, gbogbo ìrora á fò lọ. Lóòótọ́ ìrora fò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà, ó mú àwọn ará ilé rẹ̀ dání. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà sọ fún mi pé àwọn oògùn ìrora yẹn gan-an ló ń họ ikùn mi láti inú. Èmi ni mò ń fowó ra ọ̀bẹ, tí mo tún ń bẹ oníkẹ́míìsì pé kó bá mi pọ́n ọn sí i.

Ilé náà kò gbẹ́yìn. Àbúrò ọkọ mi gbé àgbo wá láti Ṣakí. Ìyá tó ń gbé òdìkejì wa, ọmọ Igbo ni, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kí n rẹ sómi kí n máa mu. Àwọn ará àsàlátù bu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, wá, ìyá kan ní oyin ni, òmíràn ní òróró ólífì. Mo mu gbogbo rẹ̀. Ikùn mi wá dà bí agbada tí gbogbo àdúgbò ń da omi ìfọwọ́ sí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun ò mọ̀. Ṣíọ̀! Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí dókítà ṣe pọ̀ tó nílùú, ẹ kàn ṣàìsàn.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Òòyì ń kọ́ mi, bí mo bá na ọwọ́ gbé báàfù, àyà mi á máa sáré. Kúdí, ọmọ mi obìnrin tó ń lọ yunifásítì nínú ìlú níbí, ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi bíi àwàdà. Ọmọ tí ẹ bí sí Enugu, ẹ mọ irú Yorùbá tó máa ń sọ. Ó ní, "Mummy, black yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni o. Kì í ṣe joke. Ọ̀la, hospital."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì la dé ọsibítù ìjọba, síbẹ̀ èèyàn ti tò dé ẹnu géètì. Ẹ tò láti gba káàdì, ẹ tò láti sanwó káàdì, ẹ tún tò kí wọ́n lè sọ fún yín pé ibi tí ẹ tò sí kọ́. Ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wo ìwé wa bíi pé àwa la wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju Kúdí lọ púpọ̀. Ó wo ojú mi, ó fa abẹ́ ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń jò nínú mi, ó ní àfi kí wọ́n wo inú ibẹ̀. Ó ṣàlàyé okùn náà. Ó ní wọ́n lè gún mi ní abẹ́rẹ́ tí á mú mi tòògbé títí wọ́n á fi ṣe é tán, tàbí kí wọ́n kàn fín oògùn sí mi lọ́fun kí ojú mi sì là sílẹ̀. Ó ní, "Mama, the injection is better for you." Mo ní mo fẹ́ ẹ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo délé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alàájì Gàníyù, ti wà ní pálọ̀. Òun ló mú ọkọ mi wá sí Enugu, òun náà sì ni olórí àwọn Mùsùlùmí ọmọ ìlú wa níbí. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó tán.

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ mú un sùn?" Alàájì bi ọkọ mi, bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọkọ mi dáhùn.

"Níṣojú ọkùnrin?"

"Dókítà ni ọkùnrin, sà. Àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin ni wọ́n."

"Astagfirullah! Obìnrin ilé wa ò ní sùn níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú èèyàn tú àṣírí ni? Gbogbo ohun tó wà nínú ẹni ni á máa dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan tún wà ní Abakpa tó sùn báyìí, kò jí mọ́."

"Ta ni ọkùnrin náà, sà?" Èmi ló bi í.

"O ò lè mọ̀ ọ́n."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ìyàwó wa, ìfaradà ni. Àwọn tó ń rọbí, ṣé wọ́n ń sùn ni?"

Mo bímọ mẹ́rin, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gba ọ̀fun jáde. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì. Àwa obìnrin ti máa ń gbé nǹkan mì tipẹ́tipẹ́ kí okùn tó dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kí inú mi lè rọ̀: ìpá Alàájì fúnra rẹ̀, tí wọ́n gé ní Ìlọrin, ṣé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tó ń ka bọ́tìnnì aṣọ dókítà ni? Oorun ni wọ́n fi gé e. Nọ́ọ̀sì obìnrin ló yí i ká, ìhòòhò ni wọ́n sì bá a. Nígbà tó jí, kò sí ẹni tó bi í pé àṣírí wo ló tú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Àgbà tiwa wà lọ́jà o, òun gan-an ló ń wọ́ ọ lórí.

Ó bá wa lọ ní ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Nínú yàrá, nọ́ọ̀sì àgbà kan, obìnrin dúdú kan tí ojú rẹ̀ le, bi mí pé, "Madam, you dey sure say you no want the injection?" Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "I no want."

Wọ́n fín oògùn kan sí mi lọ́fun, ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ, ọ̀fun mi sì kú bíi pé kì í ṣe tèmi mọ́. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Wọ́n fi ike olójú kan sí mi lẹ́nu kí n má baà gé okùn jẹ. Okùn náà dúdú, ó sanra tó ìka ọmọdé. Bó ṣe kan ẹ̀yìn ahọ́n mi báyìí, gbogbo ara mi ní rárá. Èébì gbé mi, kò sí ohun tó ń jáde, omi ń dà lójú, ó ń dà nímú, ó ń dà lẹ́nu. Dókítà ń sọ pé, "Breathe, Mama, breathe." Ta ni í mí? Ọwọ́ mi ló ṣáájú ọpọlọ mi. Mo gbá okùn náà mú, mo fà á yọ.

Dókítà bínú, ẹ̀rù sì bà á, ó ní mo lè fa ọ̀fun ara mi ya. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo jáde, ìborùn mi rin gbingbin fún itọ́. Alàájì dìde, ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ tán, ó ní, "Ìfaradà ẹ ló kù díẹ̀ káàtó." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kí ó sì gbé òun mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo rántí ni pé mò ń ka abọ́ fún oníbàárà kan. Ìyá Sùkúrà ló fi ọjà tirẹ̀ sílẹ̀ láìtì í, tó fi ìborùn ọjà fẹ́ mi, tó dá kẹ̀kẹ́ dúró, tó gbé orí mi lé itan títí a fi dé ọsibítù. Ó ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé, "Oga, abeg, run am, run am." Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà yẹn wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun máa tún okùn náà kì, àti pé òun ò ní fọwọ́ kàn mí láìsí abẹ́rẹ́ oorun.

Kúdí kojú bàbá rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. "Daddy, ṣé ẹ fẹ́ kí Mummy kú ni? Because of Alhaji?"

Ọkọ mi wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó ní, "Ẹ gbà á. Kí Alàájì má ṣáà gbọ́." Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ mi yóò ta ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì fi ta kò ó. Mo dúpẹ́ náà. Ẹni tí ò ní, èyí tó rí ni.

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni òmùgọ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ gbọ́ tèmi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun láti aago mẹ́wàá alẹ́. Kúdí kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní àwọn oníwèé yìí, kí ni wọ́n mọ̀ nípa ààwẹ̀? Àwa tí a ti ń gba ààwẹ̀ láti kékeré, a mọ̀ pé oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ kó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, oúnjẹ àná ni, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ta ni í gba ààwẹ̀ láìjẹ sààrì? Mo dìde ní ìdájí, mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, mo fi ògì gbígbóná lé e, mo yọ̀ǹda ara mi fún Ọlọ́run, mo kírun, mo wọ mọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì àgbà ọjọ́sí ló tún pàdé mi. "Mama, when last you chop?"

"Yesterday night."

"Which time for night?"

"Before Subhi."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ní Mùsùlùmí pọ̀ tó ti wá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó mọ̀ pé ìrun ìdájí ni Subhi. "Which time be Subhi for clock?"

Mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ sọ mọ́ínmọ́ín kún un, torí mo rò pé yóò yìn mí. Ó pòṣé tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé: bí èèyàn bá ti sùn bẹ́ẹ̀, ọ̀fun ò ní lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó gba ibi tí èèyàn ń gbà mí wọlé, kí èèyàn rì sínú oúnjẹ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Your moin-moin for kill you today, and your people go say na injection." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ká ní mo ti kú ni, ọkùnrin Abakpa ì bá ti di méjì lẹ́nu Alàájì, kò sì sí ẹni tí yóò mẹ́nu kan mọ́ínmọ́ín.

Wọ́n fi mí sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo jókòó títí tí gbogbo èèyàn fi wọlé tán, ọ̀sán pọ́n, ebi ń pa mí, mi ò gbọ́dọ̀ mu omi. Ó tọ́ sí mi. Nígbà tó kàn mí, wọ́n tún bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò, bóyá mo ní ikọ́ fée, bóyá wọ́n ti fún mi ní oògùn oorun rí. Lọ́tẹ̀ yìí, òtítọ́ ni mo sọ. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan kékeré há mi níka, ó fi rọ́bà atẹ́gùn sí mi nímú, ó wá iṣan lẹ́yìn ọwọ́ mi. Ìborùn mi kò kúrò lórí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ Áyátúlì Kúrísíyù, mi ò dé ìdajì rẹ̀.

Ohun tó kàn ni pé mo la ojú, mo bi nọ́ọ̀sì pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, we don finish since."

Mo fà á sún mọ́ra. "Abeg, wetin I talk?"

"Talk? You dey snore like generator."

Gbogbo àṣírí ilé wa nìyẹn o. Kúdí dì mí mú wọ kẹ̀kẹ́ nítorí wọn ò jẹ́ kí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà dá lọ sílé, wọ́n sì ní n kò gbọ́dọ̀ dé ọjà lọ́jọ́ náà. Mo sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Egbò ńlá kan ni wọ́n bá nínú mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n dí i láti inú, wọ́n gé bín-ín-tín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìdúró de èsì yẹn ló le jù. Ìyá mi kú ikú inú rírun ní Ṣakí, kò sí ẹni tó wo inú rẹ̀ rí. Mo ń ka ìka lójoojúmọ́, mo ń wo àwọn ọmọ mi bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Èsì dé, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo lò ó pé. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, mi ò bá tí kọ ọ́.

Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, Alàájì ní kí n dìde. Ó sọ fún gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti yọ ìyàwó àwọn. Ó ní mo kùnà lẹ́ẹ̀kíní, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì mo mú ọkàn le, mo gbé okùn mì pẹ̀lú ojú líla, mo kọ oorun àwọn dókítà, èyí ni obìnrin onígbàgbọ́. Gbogbo wọn ké kábárà. Ó wá yíjú sí mi, "Àbí irọ́ ni mo pa? Ṣé wọ́n fún ẹ lábẹ́rẹ́?"

Ọkọ mi ń wo ẹní. Gbogbo obìnrin ìlú wa ń wò mí. Mo ní, "Rárá o. Ojú mi là kedere."

Ẹ má rò pé ẹ̀rù nìkan ló bà mí. Ó dùn mọ́ mi. Èmi tí mo ti ń bú wọn láti ìgbà yìí, èmi gan-an ni mo gba oríyìn wọn, mo sì fi iyọ̀ sí i. Mo júwe bí okùn ṣe ń yí nínú mi, bí mo ṣe ń ka Kùránì lọ́kàn, bí dókítà ṣe ní òun ò rí irú obìnrin báyìí rí. Oorun ni mo sùn, mò ń hanrun. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá Sùkúrà bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fún òun náà ní ọjọ́ tí wọ́n máa ki okùn fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ tòótọ́ fún mi. Ṣé wọn ò fún yín lábẹ́rẹ́ náà rárá?"

Àwa méjèèjì péré la wà níbẹ̀. Alàájì ò sí níbẹ̀, ọkọ mi ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó gbé orí mi lé itan ló ń bi mí. Mo ní, "Wọn ò fún mi. Bí o bá ti mú ọkàn le, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Ó ní, "Èmi náà á mú ọkàn le, in shaa Allah."

Nígbà tó padà láti ọsibítù, ó ní wọn ò rí nǹkan kan, ara òun ti dá. Mo bá a dúpẹ́. Ó dẹ́kun oògùn funfun wa, ó ń mu bítà nínú ike. Oṣù kan, oṣù méjì. Ìborùn tó ń tà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ, o ń rù o." Ó ní ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ni òun ń gbà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, Sùkúrà, ọmọ rẹ̀, ti Ìbàdàn dé, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Òun ló fi ipá mú un padà sí ọsibítù. Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n fún un, wọ́n sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà oúnjẹ pa, ó ti kọjá síbòmíràn.

Ìgbà yẹn ni Sùkúrà sọ fún mi ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò gbà á. Nígbà tí okùn kan ọ̀fun rẹ̀, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó sá jáde láìwọ bàtà, kò padà.

Mo lọ bá a nílé. Eegun ló kù lábẹ́ aṣọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi tí mo jù ú lọ, mo ní, "Ìyá Sùkúrà, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Wọ́n fún mi. Mo sùn bí òkú. Èyí tí mo ṣe lójú líla, èmi náà fà á yọ."

 Mo ń retí èébú. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò pé èmi nìkan lojo. Ojú ló tì mí tí mi ò fi padà."

 Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ọ̀sẹ̀ kejì ló kú, ọjọ́ kan náà la sin ín, ní Enugu níbí. Mo bi dókítà pé bó bá ṣe pé ó sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ní òun ò lè búra fún mi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ kì í ṣe kékeré fún irú àrùn bẹ́ẹ̀. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n wo àrùn.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, mo dìde níwájú gbogbo ìjọ, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Alàájì ń juwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká bo àṣírí ara wa."

Mo ní, "Àṣírí ta ni, sà? Ti ìpá tí wọ́n fi oorun gé ní Ìlọrin, àbí ti òkú tí a sin?"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò dùn mí.

Ara mi ti le báyìí. Mò ń jẹ ata níwọ̀nba, ìgbẹ́ mi ti padà sí bó ṣe yẹ, mo lè gbé báàfù ìpele mẹ́wàá láìsinmi. Oògùn ìrora kẹ́míìsì ò wọ ẹnu mi mọ́. Àwọn kan wà tó ń gbé okùn yẹn mì lójú líla tí ara wọn gbà á, ẹ má bú wọn. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ohun eré, ẹ sọ gbogbo àìsàn àti oògùn yín fún wọn, ẹ má jẹ sààrì, ẹ mú ẹni tó máa sìn yín wálé dání. Obìnrin ìlú wa mẹ́ta ló ti ní kí n bá àwọn lọ, mo sì lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìborùn ti di ti ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin tó gba ibẹ̀ ń kí mi dáadáa láràárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè bá a jẹun.

Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ náà lọ̀ yín, ẹ gbà á. Bí ẹ bá sì ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ gbà á.